Níbo ni ooru ń gbà jáde? Ohun tí ojú mi rí lórí káàdì gíráfíìsì ní Ìlọrin

Oṣù kejì ọdún 2023 ni mo ra káàdì gíráfíìsì (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀) àkọ́kọ́ tí mo ní, ní àkókò tí owó náírà tuntun di ohun tí a ń torí rẹ̀ tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì láti ìdájí. N kò rí owó ọkọ̀ kó jọ tí mo fi lè lọ sí Èkó kí n lọ fi ojú ara mi wo ọjà, nítorí náà mo fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù sí ẹni tí ń tà á, òun náà sì di káàdì sínú páálí, ó fi lé awakọ̀ kan tí ń bọ̀ ní Ìlọrin lọ́wọ́. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra ohun tí n kò rí, lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀, nítorí orúkọ tí a kọ sí ara páálí.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní yunifásítì ni a jọ ń gbé ní Tanke, kọ̀ǹpútà tí a sì ní nígbà náà jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, èyí tí ṣíìpù Intel Core i5-4570 wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí ó jáde ní ọdún 2013. Géèmù bọ́ọ̀lù ń lọ lórí rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí a bi léèrè ni ó sọ pé káàdì ni kò ní. Kò sí ẹni tí ó bi wá bí àpótí kọ̀ǹpútà náà ṣe gùn tó, tàbí iye wáàtì tí páwà páàkì rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà, lè gbé, àwa náà kò sì bi ara wa.

AMD Radeon RX 580 tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ 8GB ni mo yàn. Ọdún 2017 ni káàdì yẹn jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára tó fún ohun tí a fẹ́, iye rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an. Ìdí tí ó fi wálẹ̀ yẹ kí ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, kò sì nílò káàdì gíráfíìsì mọ́. Kí ó tó di ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń to káàdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sórí férémù kan, wọn a sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti fi wá owó náà. Nígbà tí iṣẹ́ tán, wọ́n da káàdì wọ̀nyẹn sí ọjà. Èrò tèmi lónìí ni pé káàdì tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ sá fún pátápátá, nítorí pé ohun tí ó sábà máa ń gbó lára rẹ̀ ni fáànù àti àwọn ohun tí ń gbé ooru kúrò lára ṣíìpù, ìwọ̀nyí sì ṣeé pààrọ̀. Àmọ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ohun tí òun ń rà nìyẹn kí ó tó sanwó. Èmi kò mọ̀.

Nígbà tí páálí dé, káàdì kò wọ inú àpótí. Ó lọ kan ilé irin tí háàdì dísìkì jókòó sí, kò sì lọ mọ́. Mo jáde lọ yá téèpù lọ́wọ́ ìyá aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní iwájú ilé wa, mo wọn káàdì, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24; mo wọn àyè tí ó wà, ó jẹ́ 21. Ìyá náà bi mí pé ta ni mo fẹ́ rán aṣọ fún. Téèpù yẹn kan náà ni ó yẹ kí n ti yá kí n tó fi owó ránṣẹ́, nítorí pé gígùn káàdì wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é máa ń kọ sílẹ̀, àti sísanra rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba àyè ihò méjì lẹ́yìn àpótí. A tú ilé irin náà kúrò, a fi háàdì dísìkì lélẹ̀ nínú àpótí lásán bí ẹni tí kò rí ibùsùn.

Wàhálà kejì ni ti iná. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, kò lè fún un ju 75 wáàtì lọ. Bí káàdì bá nílò jù bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìyókù láti inú wáyà tí ó ti páwà páàkì wá tààrà: èyí tí ó ní ẹnu mẹ́fà wà fún 75 wáàtì, èyí tí ó ní ẹnu mẹ́jọ sì wà fún 150. RX 580 ń béèrè fún nǹkan bí 185 wáàtì, ẹnu mẹ́jọ ni tèmi sì ní, ṣùgbọ́n páwà páàkì ọ́fíìsì yẹn kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnìkan tí ń ta ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ìgboro sọ fún mi pé kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, ó sì ta wáyà kékeré kan fún mi, tí ẹnu SATA kan wà ní ìdí rẹ̀, èyí tí a fi ń fún háàdì dísìkì ní iná, tí ẹnu mẹ́jọ sì wà ní orí rẹ̀. Ó wọlé, kọ̀ǹpútà tàn, inú wa dùn.

Ó yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú ìtìjú: ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, géèmù kò yàtọ̀ rárá sí ti tẹ́lẹ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí ó tà á fún mi kí àbúrò mi tó rí i pé ara bọ́ọ̀dù ni mo ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ara káàdì. Káàdì náà jókòó sínú àpótí láìní iṣẹ́ kankan. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ rẹ̀, koríko pápá ìṣeré mọ́ kedere, a sì ṣeré títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Alẹ́ kẹta ni mo gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jóná. Mo fa wáyà yọ lára ògiri, mo ṣí àpótí, mo sì rí i pé ẹnu SATA yẹn ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti dúdú. Ìṣirò ibẹ̀ kò le. Ẹnu SATA kan kò lè gbé ju ampíà mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ lórí fóòltì 12, ìyẹn 54 wáàtì. A wá so ó mọ́ ẹnu tí ń ṣèlérí 150. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ lójoojúmọ́ kò ronú láti fi 4.5 sọ 12 di púpọ̀ kí n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ilé onílé. Wáyà yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú rẹ̀ lọ̀ yín, ẹ dá a padà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mo wá ra páwà páàkì tuntun tí ó jẹ́ 550 wáàtì, tí wáyà ẹnu mẹ́jọ ti ara rẹ̀ jáde, àmọ́ nígbà tí mo délé, kò bá bọ́ọ̀dù wa mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọ̀nyí ni a ṣe pẹ̀lú ẹnu iná tí ó jẹ́ tiwọn nìkan, tí kò rí bí ẹnu mẹ́rìnlélógún tí gbogbo ayé ń lò. Mo tún ra bọ́ọ̀dù àlòkù mìíràn tí ó lè gba ṣíìpù i5 náà. Bọ́ọ̀dù tuntun kò wọ inú àpótí àtijọ́. Mo ra àpótí. Báyìí ni káàdì olówó pọ́ọ́kú ṣe di ohun tí ó gbówó lórí ju kọ̀ǹpútà tí a rà á fún lọ.

Àpótí tí mo rà ni ó fa èyí tí ó le jù nínú ìtàn yìí, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Dígí ni iwájú rẹ̀, dígí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fáànù mẹ́ta tí ń tan iná aláràbarà sì wà lẹ́yìn dígí iwájú. Ó lẹ́wà. Nígbà tí a pa iná pálọ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìyàwó. Mo gbé e sínú àyè kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, lórí rọ́ọ̀gì, kí ó má baà gba eruku.

Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún náà, ẹni tí ó bá sì mọ Ìlọrin mọ bí oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ṣe máa ń rí, pàápàá kí òjò tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn àṣámù ni a máa ń ṣeré. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, fáànù káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn náà agbábọ́ọ̀lù tí ń sáré á dúró, á fò, á tún dúró. A sọ pé géèmù ni ó bàjẹ́. A yọ ọ́ kúrò, a tún gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà wa sì tán. A sọ pé Windows ni; a tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi sọ pé àìrí-nǹkan-rà-dáadáa mi ni, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà tí ó mú wa jẹ sààrì láìsọ̀rọ̀ sí ara wa fún ọjọ́ méjì. N kò ronú kan ooru rárá, títí mo fi gba GPU-Z, ètò kan tí ń fi ohun tí ń lọ nínú káàdì hàn, sórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì fi 89°C hàn mí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ṣíìpù bá gbóná dé ibi kan, á dẹ ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nítorí náà eré tí ń dúró tí ń fò yẹn kì í ṣe àìsàn, ṣíìpù ni ó ń gba ara rẹ̀ là. GPU-Z tún fi nǹkan mìíràn hàn mí tí n kò wá lọ. RX 580 gidi ní ẹ̀yà ìṣirò kéékèèké 2304 nínú ṣíìpù rẹ̀. Tèmi ní 2048. Irú èyí wà, AMD fúnra rẹ̀ ni ó gbé e jáde fún ọjà Ṣáínà ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n RX 570 tí ó pa aṣọ dà ni, kì í ṣe RX 580 tí mo sanwó rẹ̀. Mo pe ẹni tí ó tà á. Kò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo pada sórí ọ̀rọ̀ ooru. Mo ti ka nípa káàdì yìí kí n tó rà á, àwọn tí wọ́n sì dán an wò sọ pé kì í kọjá nǹkan bí 70°C. Wọn kò purọ́. Àwọn tí ń dán káàdì wò sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tí ooru rẹ̀ wà láàárín 20 sí 25°C. Bí wọ́n bá sọ pé káàdì kan dé 72°C nínú yàrá 22°C, ohun tí wọ́n sọ fún wa gan-an ni pé káàdì náà fi 50 gbóná ju yàrá lọ. Ẹ gbé 50 yẹn wá sí pálọ̀ ní Tanke nígbà tí ooru inú rẹ̀ jẹ́ 35°C, ó ti di 85 kí a tó ka kọ́bọ́ọ̀dù, dígí àti eruku mọ́ ọn. Fáànù kọ̀ǹpútà kì í dá òtútù sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá nínú ilé ni ó ń fẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ka iye ooru tí wọ́n kọ nípa káàdì, mo máa ń wá iye ooru yàrá tí wọ́n wà, mo yọ ọ́ kúrò, mo sì fi tiwa sí i.

Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo gbé sípíkà kan tí ó bàjẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Òkèléle, tí ó ti ń tún rédíò àti ampilifáyà ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo ń ráhùn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà létí rẹ̀, láìrò pé ó lè ràn mí lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Níbo ni ooru ń gbà jáde?”

Mo ní, “Bàbá, fáànù mẹ́ta ni ó wà ní iwájú rẹ̀.”

Ó ní, “N kò bi ọ́ léèrè fáànù. Níbo ni ooru ń gbà jáde?”

N kò ní ìdáhùn. Ó ní kí n gbé e wá. Nígbà tí mo gbé e dé ní ọjọ́ kejì, ó fi ọwọ́ ra dígí iwájú, ó wo àlàfo tí kò ju ìbú ìka kan lọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ya bébà pélébé kan, ó gbé e sí iwájú fáànù kọ̀ọ̀kan nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Fáànù méjì fa bébà mọ́ra. Ẹ̀kẹta tì í jáde. Ẹni tí ó to àpótí fún mi ti gbé ọ̀kan sí ìdàkejì, afẹ́fẹ́ tí méjì ń kó wọlé ni ọ̀kan ń kó jáde níwájú níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn, níbi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gbà jáde, kò sí fáànù kankan. Ẹni tí kò bá ní bébà lè wo ara fáànù: ẹ̀gbẹ́ tí igi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ di àárín rẹ̀ mú ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde.

A tú dígí iwájú dànù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fi ń sé ojú fèrèsé ni mo gé, tí mo sì na sí ojú férémù rẹ̀, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú eruku. Fáànù méjì ń kó wọlé níwájú, èyí tí ó kọjú sódì ni a gbé lọ sí òkè ẹ̀yìn kí ó máa kó jáde. Kọ̀ǹpútà kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kúrò lórí rọ́ọ̀gì tí ó ti dí ihò ìmí páwà páàkì ní ìsàlẹ̀, ó bọ́ sórí pákó. Láìfọwọ́ kan káàdì rárá, 89 di 81. Kí n tó mọ èyí, ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, a gbé fáànù onídúró sí i. Ìyẹn náà mú ooru wálẹ̀ púpọ̀, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é ní ọjọ́ tí nǹkan bá le, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku tí yóò kó sínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe kékeré.

Bàbá ní kí a tú káàdì náà wò. Ohun tí wọ́n ń pè ní thermal paste, ìpara tí ń bẹ láàárín ṣíìpù àti irin agbooru, ni ó ń wá. Òun náà ní irú rẹ̀, funfun, èyí tí ó máa ń fi sí ìdí àwọn ṣíìpù ampilifáyà, ó sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti inú káàdì ti gbẹ bí ẹfun. Àwọn tìmùtìmù rọ́bà kéékèèké tí ń bẹ lórí àwọn ṣíìpù ìrántí yí ṣíìpù ńlá ká ti ń fọ́ bí àkàrà ìjẹta. A nu gbogbo rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú isopropyl, irú ọtí kan tí a fi ń nu ẹ̀rọ, àti òwú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mìíràn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe èyí: mo gbé búlówà sí fáànù káàdì láti fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, mo sì ń gbádùn bí ó ṣe ń yí fìrìfìrì, títí abẹ́ kan fi kán. A gbọ́dọ̀ fi ìka di fáànù mú nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ, nítorí pé eré tí búlówà ń mú un sá kọjá èyí tí wọ́n ṣe ìdí rẹ̀ fún.

Tìmùtìmù tí mo rí rà nílùú nípọn ní mìlímítà méjì. N kò wọn ti àtijọ́ kí n tó jù ú nù. Mo gé e, mo tò ó, mo fi ìpara tuntun sí i, mo dè é. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ó dé 90°C, géèmù sì dúró gbọnin. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni pé kí n sunkún. Owó oṣù méjì ti wọ inú nǹkan yìí. Bàbá ní kí n tún un tú, kí n wo ojú ìpara náà. Bí irin bá fi ara kan ṣíìpù dáadáa, ìpara á fẹ̀ káàkiri, á sì fi ojú ìtẹ̀ sí ara méjèèjì. Tèmi ṣì wà lójú kan bí mo ṣe fi sí i. Tìmùtìmù tí ó nípọn jù ti gbé irin agbooru sókè, kò jẹ́ kí ó kan ṣíìpù ńlá. Mìlímítà kan péré ni ó fa gbogbo rẹ̀. Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ti mìlímítà kan tó dé láti Èkó, mo dè é ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kí n de síkúrúù kan tán kí n tó bọ́ sí òmíràn. Mo sì tún un tú lẹ́ẹ̀kan sí i láti wo ojú ìtẹ̀ kí n tó gbà pé ó ti wọlé. Ó wálẹ̀ sí 76 nínú yàrá 34.

Ìyókù kò ná mi ní kọ́bọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí pé ìgbẹ̀yìn ni mo mọ̀ ọ́n. Mọ́nítọ̀ wa kò lè fi ju àwòrán 60 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ káàdì ń ya 110, ó ń yọ òógùn lórí àádọ́ta tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí. Mo fi gbèdéke 60 sí i. Lẹ́yìn náà, nínú ètò AMD fúnra rẹ̀, mo dín iná tí ṣíìpù ń gbà kù láti mílífóòltì 1150 sí 1050, díẹ̀díẹ̀, ogún ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣeré fún wákàtí kan lórí ìpele kọ̀ọ̀kan kí n tó sọ̀ kalẹ̀ sí òmíràn. Ní 1030 ojú kọ̀ǹpútà di dúdú, mo pada sí 1050, mo sì dúró níbẹ̀. Ṣíìpù méjì kì í jọra. Iye tèmi lè má bá ti ẹlòmíràn mu. Méjèèjì papọ̀ mú un wá sí 67, fáànù sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù.

Káàdì yẹn sìn wá títí di ọdún 2024, kí àbúrò mi tó ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wáàtì ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo orúkọ, nítorí pé gbogbo wáàtì tí káàdì bá jẹ ni yóò yọ padà sínú yàrá gẹ́gẹ́ bí ooru. 185 wáàtì ju gílóòbù àtijọ́ oní-60 mẹ́ta lọ, tí a tàn sínú àpótí kan. GTX 1660 Super ti ọdún 2019 ń gba 125, ṣùgbọ́n 6GB ni ó ní. RTX 3060 tí ó jáde ní ọdún 2021 ní 12GB, ó sì ń gba 170. RX 6600, ọdún 2021 kan náà, ní 8GB, 132 wáàtì ni ó ń gbà, ó sì lágbára ju RX 580 lọ dáadáa. Òun ni mo mú. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi fẹ́ kí a mú RX 6500 XT nítorí pé ó rẹlẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin péré ni ìyẹn fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ bíi tiwa tí ihò káàdì rẹ̀ kò kọjá ìran kẹta (PCIe 3.0), ọ̀nà mẹ́rin náà á tún di tóóró. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnìkan wà ní Èkó tí ó lọ bá mi wò ó. Ó ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, ó ṣí GPU-Z, ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí níwájú ẹni tí ń tà á kí n tó fi owó ránṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò gbọ́dọ̀ gbé irú kọ̀ǹpútà yìí lé e pẹ̀lú fíríìjì. UPS kékeré oní-650VA tí a ní, bátìrì tí ń gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ, ń ké ní gbogbo ìgbà tí RX 580 bá ń ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ kan ó sì pa ara rẹ̀. Lábẹ́ RX 6600, kò ké rí.

Ní oṣù kẹrin tó kọjá, pálọ̀ wa gbóná dé 36°C ní ọ̀sán, káàdì sì wà ní 68. Mo máa ń fọ nẹ́ẹ̀tì iwájú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́, àti lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò. Bàbá Òkèléle ti gba fáànù tí abẹ́ rẹ̀ kán lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò rí nǹkan fi ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ aládùúgbò wa kan wá bá mi pẹ̀lú àwòrán káàdì kan lórí fóònù rẹ̀, ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí dára?” Mo bi í iye tí a kọ sí ara páwà páàkì rẹ̀, bí àyè inú àpótí rẹ̀ ṣe gùn tó, àti ibi tí ooru ń gbà jáde níbẹ̀. Ó ní òun yóò lọ wò ó. Mo fún un ní téèpù. Kò tíì dá a padà.